Lẹ́tà McCloud tó dé ọwọ́ yín: ìjọba ti pàdánù ẹjọ́, ẹ̀yin lẹ máa yan

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London, 1970 ni wọ́n bí mi, mo wọ NHS ní 2003, mi ò sì tíì fi í sílẹ̀ rí. Lẹ́tà kan dé tí wọ́n kọ McCloud sí, iye méjì ló wà níbẹ̀ fún ọdún 2015 sí 2022. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́ọ̀dù ní ìjọba ló pàdánù ní kóòtù, pé wọ́n jẹ wá lówó. Ọkọ mi ní 419 ni, ó ní ìjọba wo ló máa pàdánù ẹjọ́ tó máa wá sanwó. Ta ni kí n gbà gbọ́, èwo ni kí n sì mú nínú iye méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ McCloud, kì í ṣe 419, ọ̀rẹ́ yín ló sì sún mọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "wọ́n jẹ wá lówó" tó sọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ká tó lọ jìnnà ni pé ẹ ò ní láti yan nǹkan kan lónìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́ńṣọ̀n yín ni wọ́n máa bi yín léèrè èwo lẹ fẹ́. Torí náà tẹ́nì kan bá pè yín lórí fóònù pé kẹ́ ẹ tètè yan kí àyè má bàa bọ́ lọ́wọ́ yín, tàbí pé kẹ́ ẹ san owó díẹ̀ kí òun bá yín gba èyí tí ìjọba jẹ yín, ẹni yẹn gan-an ni 419, ẹ gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ n wá sọ bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ò bá mọ ìdí tí ìjọba fi pàdánù ò ní mọ ohun tó jẹ́ tiẹ̀ nínú ẹ̀. Ní 2011, Lord Hutton tó ti ṣe mínísítà rí kọ ìròyìn kan fún ìjọba Britain lórí pẹ́ńṣọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pé àwọn èèyàn ń pẹ́ láyé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó tó ń bá pẹ́ńṣọ̀n lọ sì ń wúwo sí i, kí wọ́n yí ètò náà padà. Ìjọba gbé òfin Public Service Pensions Act jáde ní 2013, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2015 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nínú pẹ́ńṣọ̀n àtijọ́ bọ́ sínú tuntun, nọ́ọ̀sì o, dókítà o, tísà, ọlọ́pàá, panápaná, sójà, adájọ́, òṣìṣẹ́ mínísírì. Ti àtijọ́ ń wo owó oṣù tẹ́ ẹ ń gbà nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ̀yìn tì, ti tuntun ń wo iye tẹ́ ẹ gbà lọ́dọọdún látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á máa gé tẹ̀kan sílẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá rò gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Kóòtù ò sọ pé yíyí tí wọ́n yí pẹ́ńṣọ̀n padà lòdì sófin o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi ibẹ̀ gbọ́. Ohun tó lòdì sófin ni àbò tí wọ́n fún àwọn kan tí wọn ò fún àwọn yòókù. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ku ọdún 10 tàbí tí ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún láti fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2012, kó jókòó sínú ti àtijọ́, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn tó fi ọdún díẹ̀ lé ní ọdún 10, wọ́n ní kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí wọn nípò. Àwọn tó kù, tẹ́ ẹ wà nínú wọn torí pé ẹ ò tíì ju ọmọ ọdún 42 lọ nígbà yẹn, gbogbo yín ni wọ́n kó lọ ní 2015.

Ẹ wo bó ṣe rí ní wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì méjì, band (ìpele owó oṣù) kan náà, síìfù kan náà, ọdún kan náà ni wọ́n wọ NHS, iye kan náà ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wọn fún pẹ́ńṣọ̀n, ọ̀kan pé ọmọ àádọ́ta ọdún ní 2012, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 42. Ti àkọ́kọ́ ò yí padà, ọmọ ọgọ́ta ọdún ló máa gba tiẹ̀. Ti èkejì yí padà láti 2015, wọ́n ní kó dúró dìgbà tí ìjọba bá ń fún un ní State Pension, ìyẹn ọmọ ọdún 67. Ọjọ́ orí nìkan ló yà wọ́n.

Àwọn tó wá gbé ìjọba lọ sí kóòtù ni àwọn adájọ́ fúnra wọn, tó lé ní igba, pé Lord Chancellor, mínísítà tó ń bójú tó ètò ìdájọ́, àti iléeṣẹ́ ẹ̀, Ministry of Justice, fi ọjọ́ orí ṣe ojúsàájú. Orúkọ ọ̀kan nínú wọn ni McCloud, òun ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ náà títí dòní. Àwọn panápaná náà gbé tiwọn lọ, yúníọ̀n wọn FBU ló wà lẹ́yìn wọn, Sargeant ni wọ́n ń pe tiwọn. Ohun kan sì wà nínú ẹjọ́ àwọn adájọ́ yẹn tó yẹ kí àwa èèyàn dúdú tá a wà nílùú ọba mọ̀: wọn ò dúró lórí ọjọ́ orí nìkan. Wọ́n tún sọ pé àárín àwọn adájọ́ tó kéré lọ́jọ́ orí yẹn ni àwọn obìnrin àtàwọn tí kì í ṣe òyìnbó pọ̀ sí, torí pé ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n síṣẹ́ dáadáa, tí ẹ bá wá gé ti àwọn ọ̀dọ́, ti obìnrin àti ti aláwọ̀ dúdú lẹ gé yẹn. Tẹ́ ẹ bá wo ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ní London, tẹ́ ẹ wo ọdún tí ọ̀pọ̀ nínú wa dé ìlú yìí tá a tó ríṣẹ́ NHS, ẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò jìnnà sí wa rárá.

Ní oṣù kìíní 2017, tribunal àwọn òṣìṣẹ́ dá àwọn adájọ́ láre. Oṣù kejì ọdún yẹn, tribunal míì dá àwọn panápaná lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ kan náà gan-an, ẹ gbọ́ yẹn. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ti àwọn adájọ́, àwọn panápaná pe tiwọn, ó lọ ó bọ̀, títí gbogbo ẹ̀ fi para pọ̀ wá sí Court of Appeal, níwájú adájọ́ mẹ́ta, Longmore, Rimer àti Elias. Ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 2018 ni wọ́n dá a, ìjọba sì pàdánù lọ́wọ́ òtún pàdánù lọ́wọ́ òsì, ti adájọ́ àti ti panápaná.

Kí ló dé tí wọ́n fi pàdánù? Òfin tí wọ́n gbé e lé ni Equality Act 2010. Nínú òfin yẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọ̀ ara. Tí ọ̀gá iṣẹ́ yín bá dìídì fi àwọ̀ ara yín yà yín sọ́tọ̀, kò sí pé òun ní ìdí kan tàbí òun ò ní. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjọ́ orí, òfin fún un láyè kó wá ṣàlàyé, pé ohun tó mọ́gbọ́n dání lòun ń lépa, ọ̀nà tóun sì gbà lépa ẹ̀ ò kọjá ohun tó yẹ. Ìjọba wá ní àlàyé tàwọn ni pé àwọn tó ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì ò ní àsìkò mọ́ láti múra sílẹ̀ fún àyípadà, ìdí nìyẹn táwọn fi ṣàánú wọn.

Létí èèyàn, ó dùn, àbí? Àgbàlagbà tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àmọ́ ẹ bá mi rò ó wò. Nígbà tí wọ́n yí pẹ́ńṣọ̀n padà ní 2015, ọdún tẹ́ni kọ̀ọ̀kan ti ṣe sẹ́yìn ò bàjẹ́, ó ṣì wà nínú ti àtijọ́, owó oṣù ìgbẹ̀yìn ni wọ́n sì máa fi ṣírò ẹ̀. Ọdún iwájú nìkan ló máa wọnú tuntun. Ẹni tó wá ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́ta péré ló máa lò nínú tuntun, kí ló máa pàdánù tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ku ọdún 20 ni ìyà ibẹ̀ máa jẹ jù, òun náà ló ní ọmọ nílé ìwé, tó ń san mọ́géèjì, tí wọ́n sì ń pè é láti ilé lóṣooṣù pé owó oúnjẹ, owó ilé ìwòsàn. Àwọn tí àyípadà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ni ìjọba dáàbò bò, àwọn tó máa dùn jù ni wọ́n fi síta. Kóòtù béèrè ẹ̀rí pé àwọn tó dàgbà yẹn nílò àbò ju àwọn yòókù lọ, ìjọba ò rí nǹkan gidi kan gbé kalẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ètò ìlú ni, kí kóòtù fún àwọn láyè. Kóòtù gbà pé ìjọba láyè lóòótọ́ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àmọ́ àyè yẹn ò sọ pé kí wọ́n má mú ẹ̀rí wá.

Èmi gbà pé ìdájọ́ yẹn dáa gan-an, mo sì máa ń sọ ọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá bi mí. Kì í ṣe pé kóòtù kórìíra àgbàlagbà. Ohun tó sọ ni pé tí ìjọba bá fẹ́ fún ẹnì kan tí ò fẹ́ fún ẹnì kejì, tí iṣẹ́ wọn ò yàtọ̀, kó ní ìdí tó ṣeé gbé yẹ̀ wò.

Ìjọba ò gbà, wọ́n tún fẹ́ lọ Supreme Court. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2019, Supreme Court ò tiẹ̀ gbà wọ́n láyè láti wọlé, wọ́n ní kò sí kókó òfin kan tó ṣeé jiyàn lé lórí níbẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù keje, Liz Truss tó wà ní Treasury, iléeṣẹ́ ìṣúná ìjọba, nígbà yẹn kọ̀wé sí ilé aṣòfin pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé irú àbò kan náà ni wọ́n fún àwọn èèyàn nínú gbogbo pẹ́ńṣọ̀n ìjọba tó gbajúmọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n máa tún ṣe, wọn ò ní dúró lórí adájọ́ àti panápaná nìkan. Wọ́n fojú bù ú pé ó máa fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn lọ́dún kún gbèsè pẹ́ńṣọ̀n láti 2015. Ibẹ̀ ni ti nọ́ọ̀sì, ti tísà, ti gbogbo wa ti wọ̀ ọ́, ẹ ò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù, àwọn adájọ́ àti panápaná ló bá yín jà á.

Ẹ jẹ́ n bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí mi ò rò pé ó jẹ̀bi. Ibi tá a ti wá, téèyàn bá jàre ìjọba ní kóòtù, ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó yín nínú èyí tó wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, section 84 nínú Sheriffs and Civil Process Act ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Attorney-General, tó jẹ́ pé òun náà ni lọ́yà ìjọba tẹ́ ẹ ṣẹ́gun. Ẹni tó bá ti rí bàbá ẹ̀ tó ń lo ọdún lórí ìlà pẹ́ńṣọ̀n nílé, kò sí bí ò ṣe ní sọ pé 419 ni. Ṣùgbọ́n níbí, ìjọba ti sọ ọ́ di òfin lórí ara ẹ̀. Public Service Pensions and Judicial Offices Act ni wọ́n ń pe òfin náà, ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i, kò sì sí pé ẹ ń lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí òfin yẹn ṣe fún yín rèé. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2022, gbogbo èèyàn ló wọnú pẹ́ńṣọ̀n tuntun, títí kan àwọn tí wọ́n dáàbò bò tẹ́lẹ̀, kò sí ojúsàájú mọ́. Ọdún méje tó wà láàárín, oṣù kẹrin 2015 sí oṣù kẹta 2022, òun ni ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2023 wọ́n ti dá ọdún méje yẹn padà sínú 1995 Section, ìyẹn pẹ́ńṣọ̀n àtijọ́ tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ buwọ́ lu ìwé kankan. Tó bá wá dọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gba pẹ́ńṣọ̀n, ẹ lè ní kó dúró síbẹ̀, ẹ sì lè ní kí wọ́n bá yín ṣírò ẹ̀ bíi pé inú 2015, ìyẹn pẹ́ńṣọ̀n tuntun, ló wà. Ìwé tó dé ọwọ́ yín yẹn, Remediable Service Statement lorúkọ ẹ̀, òun ló ń fi ìṣirò méjèèjì hàn yín. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2025 ló yẹ kí gbogbo èèyàn ti gba tiẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ti NHS ni ò jáde títí ọjọ́ yẹn fi kọjá, torí náà táwọn ẹlẹgbẹ́ yín kan bá ní àwọn ò tíì rí nǹkan kan, kì í ṣe pé wọ́n ti yọ wọ́n dànù.

Àwọn tí wọ́n jẹ lówó ní tòótọ́ ni àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti ń san pẹ́ńṣọ̀n tó kéré ju èyí tó tọ́ sí wọn lọ fún wọn. Ìyẹn ni wọ́n máa san àjẹsílẹ̀ fún, pẹ̀lú èlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, tiyín ṣì wà níwájú. Ní NHS, iye tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù ò yàtọ̀ nínú àtijọ́ àti tuntun, torí náà kò sí pé ẹ jẹ wọ́n ní owó tí wọn ò yọ tó, ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ fún adájọ́ àti panápaná.

Ó wá ku èwo ni kẹ́ ẹ mú. Èmi ò lè bá yín yan án láìrí ìwé yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò kan pọ̀, iye tí mo kàn mú láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni o. Ká ní nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, owó ọdún yín jẹ́ £40,000. Nínú 1995 Section, ìdá kan nínú ọgọ́rin ni fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn £500, ẹ wá sọ ọ́ ní ọ̀nà méje, ó di £3,500 lọ́dọọdún. Wọ́n tún máa kó ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí tá à ń pè ní gratuity nílé, £10,500. Ọmọ ọgọ́ta ọdún lẹ máa gbà á, kò sí pé wọ́n gé nǹkan kan.

Ẹ wá wo 2015. Ká ní owó tẹ́ ẹ ń gbà láàárín ọdún méje yẹn jẹ́ £30,000 lọ́dún. Ìdá kan nínú 54 ni wọ́n ń gé sílẹ̀, £555 àti kọ́bọ̀ díẹ̀, lọ́nà méje ó jẹ́ nǹkan bíi £3,889. Ẹ rí i pé ó ti ju £3,500 lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fi nǹkan kan kún un. Lọ́dọọdún tẹ́ ẹ bá fi ṣì ń ṣiṣẹ́ ní NHS, wọ́n ń fi iye tí ọ̀wọ́n gógó bá jẹ́ kún un, wọ́n á tún fi 1.5% lé e. Ní 2023 tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yẹn, 10.1% ni ọ̀wọ́n gógó tí wọ́n lò, torí náà 11.6% ló fò sókè lọ́dún kan ṣoṣo, owó oṣù nọ́ọ̀sì wo ló fò tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn? Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ti àtijọ́ ló dáa jù fún gbogbo èèyàn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 67 ni 2015 fi sí, torí 1970 tí wọ́n bí yín. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ ẹ ní ọgọ́ta, wọ́n máa gé e, gígé ọdún méje sì pọ̀. Kò sì ní gratuity tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ owó lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa fi £1 nínú pẹ́ńṣọ̀n ọdọọdún sílẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní £12. Ẹ wá wò ó báyìí: tẹ́ ẹ bá mú 1995, kẹ́ ẹ tó pé ọmọ ọdún 67, ẹ ti gba £3,500 lọ́nà méje, £24,500, pẹ̀lú £10,500 tàkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ di £35,000, kí ẹni tó mú 2015 tó dúró de 67 tó gba kọ́bọ̀. Ká fi ti ọ̀wọ́n gógó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí 2015 bá fi £2,500 ju 1995 lọ lọ́dún láti ìgbà yẹn, ọdún 14 ló máa gbà á kó tó bá ti 1995, ẹ ti di ẹni ọdún 81 nìyẹn.

Torí náà ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, ní ọgọ́ta ọdún, ṣé ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ dúró? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ẹ fẹ́ padà sílé, bóyá eékún àti ẹ̀yìn ò gba síìfù òru mọ́, 1995 ló sábà máa ń dáa fún irú yín. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa ṣiṣẹ́ dé 67, tí owó oṣù yín ò sì yí padà púpọ̀ láti 2015 torí pé band kan náà lẹ wà, ẹ wo 2015 dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ pé rárá. Tẹ́ ẹ bá wá di ward manager lẹ́yìn 2022 tí owó yín sì lọ sókè gan-an, 1995 máa lo owó ńlá yẹn fún ọdún méje tẹ́ ẹ ti ṣe sẹ́yìn, torí ọdún tó dáa jù nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn ni wọ́n ń mú, 2015 ò lè ṣe ìyẹn fún yín.

Ẹ má gbàgbé ọkọ yín nínú ìṣirò náà. Nínú 1995, tẹ́nì kan bá kú, ìdajì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ ló sábà máa ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ tàbí aya, nínú 2015, 33.75% ni. Ìyẹn ni pé lórí £1,000 kọ̀ọ̀kan, £500 níbì kan, £337.50 níbì kejì. Tí Ọlọ́run ò ní jẹ́ ó ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó yan, àwọn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ni wọ́n máa bi léèrè, torí náà ó yẹ kó mọ ibi tí ìwé yẹn wà àti ohun tó wà nínú ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa fi èyí han àwọn ẹlòmíì, torí náà ẹ jẹ́ n sọ tiwọn náà. Ẹni tó bá dé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, bí àwọn tó fi Health and Care visa wọlé láti 2020, kò kàn wọ́n, wọn ò sí nínú pẹ́ńṣọ̀n àtijọ́ rí. Ẹni tó kàn ni ẹni tó ti wà nínú pẹ́ńṣọ̀n ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2012 tàbí ṣáájú ẹ̀, tó tún wà níbẹ̀ láàárín 2015 sí 2022, tí ò sì fi ju ọdún márùn-ún lọ sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Àwọn tó lọ sílé lọ dá ilé ìwòsàn aládàáni sílẹ̀ tí wọ́n wá padà dé, ẹ ka ọdún yín dáadáa. Iṣẹ́ agency ò sí nínú ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ bank, ìyẹn síìfù àfikún tẹ́ ẹ ṣe fún trust (àjọ NHS tó ni ilé ìwòsàn) fúnra ẹ̀ tí wọ́n yọ owó pẹ́ńṣọ̀n níbẹ̀, wà nínú ẹ̀. Tísà ní irú ẹ̀tọ́ yìí kan náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, tiwọn yàtọ̀, wọn ò ní yan nǹkan kan, LGPS, pẹ́ńṣọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, ló máa fúnra ẹ̀ fi méjèèjì wéra, tó bá sì rí i pé ti àtijọ́ máa ju èyí lọ, á fi ìyàtọ̀ ẹ̀ kún un.

Àwọn kan tún wà tó máa ń dùn mí. Àwọn tó jáde kúrò nínú pẹ́ńṣọ̀n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti yí i padà ní 2015, wọ́n ní kí la fẹ́ fi ṣe, ẹ jẹ́ ká kúkú fi owó yẹn pọn bíríkì ní Ìbàdàn. Òfin 2022 yẹn gbà pé kí irú wọn béèrè kí wọ́n dá ọdún yẹn padà fún wọn, tí wọ́n bá lè fi hàn pé ojúsàájú yẹn ló fà á tí wọ́n fi jáde. Wọ́n máa ní láti san owó tí wọn ò san nígbà yẹn, gbèdéke sì wà lórí ẹ̀, torí náà kí wọ́n má jókòó tì í, kí wọ́n kọ̀wé lónìí. Ẹni tó bá ti padà sí Nàìjíríà pátápátá náà ò pàdánù tiẹ̀, pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ àdírẹ́sì Peckham tó ti kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ ni lẹ́tà máa lọ, kó lọ yí i padà.

Fún ẹ̀yin gan-an, iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ yín báyìí ò pọ̀. Ẹ ṣí ìwé yẹn, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ pé ẹ wọṣẹ́, ẹ wo àwọn ọdún tẹ́ ẹ fi ṣe part-time, ẹ wo ìgbà tẹ́ ẹ lọ maternity, ẹ wo bóyá wọ́n kó trust méjì pọ̀ tẹ́ ẹ bá ti yípò rí. NHSBSA ló ń bójú tó pẹ́ńṣọ̀n náà, àmọ́ ohun tí àwọn tó gbà yín síṣẹ́ fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń lò, àṣìṣe sì máa ń wà níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ yẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ọdún tó sọnù, ẹ kọ́kọ́ gba payroll yín lọ pẹ̀lú payslip àti P60 (ìwé tó ń fi owó ọdún àti owó orí yín hàn) ọdún yẹn, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú email, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Tí wọ́n bá fi yín sílẹ̀ láìdáhùn, ẹ bá yúníọ̀n yín sọ ọ́, RCN tàbí UNISON, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹ̀. Títún un ṣe lónìí tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rọrùn ju kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá payslip 2016 kiri nígbà tẹ́ ẹ bá ti kọ̀wé ìfẹ̀yìntì.